Fojú Sùn Ún Kí O Tó Gbá A

Ọ̀rọ̀ tábìlì púùlù ni mo mú wá lónìí. Ní Èkó, "sínúkà" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Nígbà tí mo wá kàwé sí Manchester, nídìí púùlù ni mo ti kọ́kọ́ ní ọ̀rẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 13, tí kì í fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ká má tilẹ̀ wá sọ ti Yorùbá, mo ní ká jọ máa lọ gbá a ní Sátidé. Àdéhùn wa ni pé Yorùbá nìkan la ó máa sọ nídìí tábìlì.

Èmi fúnra mi ni mo bà á jẹ́. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, síbẹ̀ mo rò pé ohun tó bá wọ́n ni yóò dára. Mo ra ọ̀pá tó wúwo tó áúnsì 21, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 13. Ọ̀pá púùlù Amẹ́ríkà nìyẹn, bọ́ọ̀lù tiwọn sì tó mílímítà 57. Mílímítà 51 péré ni bọ́ọ̀lù tí à ń gbá níbí. Ọ̀pá náà wúwo jù fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni mo dúró tì í tí mò ń pariwo, "Fojú sùn ún! Fojú sùn ún!" Ní Sátidé kẹta, ó gbé ọ̀pá náà kalẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé tèmi ni, kì í ṣe tòun. Odidi oṣù méjì ni kò fi bá mi lọ.

Ìyàwó mi ló bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ yìí ni, àbí ẹ fẹ́ borí rẹ̀?"

Mo ta ọ̀pá náà, mo sì pàdánù owó (ó ṣì ń dùn mí). Mo bẹ ọmọ náà pé kó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ yan òmíràn. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo pa ẹnu mi mọ́. Ó yí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì, torí èyí tó bá wọ́ yóò máa ta sókè bó ti ń yí. Èyí tó mú jẹ́ áúnsì 18, ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 9, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Bí a ti ń bọ̀ nílé ló bi mí pé, kí ló dé tí mo fi ń sọ pé kí ojú òun máa sùn? Háà! "Sùn" inú "fojú sùn" kì í ṣe ti oorun o, ẹ̀yin ọmọ. Kí ẹ dojú kọ ohun tí ẹ fẹ́ bà ni. Gbogbo ariwo mi, oorun ni ọmọ ń gbọ́!

Báyìí la ṣe wá ń fojú sùn. Ẹ fi ọkàn fa ìlà láti inú ihò gba àárín bọ́ọ̀lù tí ẹ fẹ́ kó wọlé. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù náà, lórí ìlà yẹn, ẹ ro bọ́ọ̀lù mìíràn tí kò sí níbẹ̀, tó fara kan èyí tó wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù iwin la ń pè é. Àárín iwin yẹn ni kí ẹ rán bọ́ọ̀lù funfun lọ. Bí ẹ bá wo ibi tí bọ́ọ̀lù méjèèjì yóò ti kanra nìkan, ẹ ó gbá a sún mọ́ àárín jù. Bí ẹ bá sì fi àárín funfun sun etí bọ́ọ̀lù kejì gan-an, tí wọ́n tóbi bákan náà, yóò yà ní nǹkan bí dígíríì 30.

Mo tún ti ń fipá mú un pé kí ọ̀pá wà láàrin àgbọ̀n rẹ̀. Kò pọn dandan. Joe Davis, tó gba ife àgbáyé sínúkà ní ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀dógún láti 1927 sí 1946, abẹ́ ojú òsì ni ọ̀pá rẹ̀ máa ń wà. Ojú ọ̀tún ló lágbára jù lára ọmọ mi, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dání: ọ̀pá lẹ fi ń gbá, ihò ni bọ́ọ̀lù ń wọ̀, bí kò bá sì wọ̀ ọ́, ẹ ti tàsé nìyẹn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ò wò mí. Ó ní, "Dádì, ẹ dákẹ́ ná, mò ń fojú sùn ún."

Mo dákẹ́. Ó tàsé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá gbá tèmi.