Sí Àbúrò Mi Tí Ó Ń Lọ sí Zaria

Àbúrò mi, nígbà tí orúkọ rẹ jáde, ìwọ bẹ́ sí ijó, ìyá wa bú sẹ́kún. Ó mọ̀ pé láti ọdún 2009 ni ogun Boko Haram ti ń pa ọmọ ọlọ́mọ ní Borno.

Bí oṣù mẹ́fà ni ìwọ yóò lò ní Dẹ́pò, ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní Zaria. Ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú. Máa sáré láràárọ̀ láti ìsinsìnyí, kí o máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Wọ bàtà tuntun káàkiri ilé títí yóò fi rọ̀. Bàtà tí ń bó ẹsẹ̀ a máa dá akọni dúró. Mú aṣọ òtútù dání, nítorí ọyẹ́ ibẹ̀ le. Má sì fi àìsàn kankan pamọ́ fún dókítà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kọ́ etí rẹ ní ìgbọràn. Olùkọ́ yóò jágbe mọ́ ọ. Má kà á sí èébú. Ẹni tí ariwo pápá bá dí létí, báwo ni yóò ṣe gbọ́ àṣẹ nígbà tí ìbọn bá ń dún? Ẹni tí ó dúró tì í lè fi ẹ̀mí san gbèsè náà. Ẹ̀kọ́ tí o bá kọ́ dáadáa lè dá ìwọ àti ẹnìkejì rẹ padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá yín.