Ohun Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Ní Adabraka, ní ìlú Accra, ibùdókọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Roxy. Orúkọ ilé sinimá ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òǹwòran ti sanwó wọlé níbẹ̀ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu àwọn awakọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó sì ń pè é ni kò mọ̀ pé sinimá ni ó bí i. Èdè a máa ṣe bẹ́ẹ̀: ohun a lọ, orúkọ a kù. Òdìkejì èyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ni ohun tí ó wà lójú àwòrán sinimá tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, àti, èyí tí ó ṣòro jù, ohun tí kò sí lójú àwòrán rárá tí olùdarí eré sì retí pé kí òǹwòran rí.

Adabraka ni mo gbé ní ọdún tí mo lọ kọ́ni ní Legon, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwo VCD ṣì gbòde. Nínú ọgbà tí mo wọ̀ sí, ìdílé Yorùbá kan wà níbẹ̀ tí ìyá àgbà wọn jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ìtàn irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde kúrò ní Ghana. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran di ẹrù wọn. Díẹ̀ nínú wọn padà nígbà tí ara rọ̀. Ìyá yìí wà lára wọn. Òun ń sọ Yorùbá tí ó jinlẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sọ àdàlù, àwọn ọmọ-ọmọ ń sọ Gà, Twi àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni ń gbọ́ rédíò láti ilé kejì. Fíìmù Yorùbá ni gbogbo wọn jọ máa ń wò ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó tuntun kan wọ pálọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ nínú fíìmù tí à ń wò. Orúkọ fíìmù náà kò kan ọ̀rọ̀ wa. Irú ìran bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú fíìmù wa. Ìyá ọkọ jókòó sórí àga ní apá ọ̀tún, ìyàwó wà ní apá òsì, kámẹ́rà sì jìnnà sí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyàwó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Gbólóhùn náà pé. "Ẹ" ni ó lò, kì í ṣe "o". Ohùn rẹ̀ tutù. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ògbufọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nísàlẹ̀ àwòrán kò sì ṣì í. Ìyá àgbà pòṣé, ó ní, "Ogun dé." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni obìnrin náà ṣe, ṣebí ó kí wọn dáadáa. Ìyá àgbà ni ó dáhùn: "Orúnkún rẹ̀ dà?"

N kò mọ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ó lè béèrè é kí ó ṣe ṣókí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àkọtọ́ wa, ohùn òkè ní àmì, ohùn ìsàlẹ̀ ní àmì, ohùn àárín kò ní. Ọkọ́ tí à fi ń roko ní àmì. Ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ní àmì. Ọkọ tí ó gbé ìyàwó sílé, òfo ni orí rẹ̀ (kí àwọn ọkọ má bínú sí mi). Síbẹ̀ òfo náà ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń kàwé mọ ohun méjì mìíràn tí ó lè wà níbẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ àmì ohùn rí kò ní mọ̀ pé àyè kan ṣófo. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn nìyẹn. Ojú rẹ̀ kò fọ́, etí rẹ̀ kò di. Ìkúnlẹ̀ ni kò sí nínú àwọn ohun tí ó ń retí.

Àṣà nìkan kọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o. Férémù, ìyẹn igun mẹ́rin tí olùdarí fi pààlà sí ohun tí a óò rí, ni ó fún àṣà ní ẹnu. Ká ní ojú ìyàwó nìkan ni kámẹ́rà gbé sún mọ́ wa, a kò ní mọ̀ bóyá ó kúnlẹ̀ tàbí ó dúró. Olùdarí fa kámẹ́rà sẹ́yìn, ó fi ilẹ̀ hàn wá, ó tẹ́ ẹní sáàárín ìyá àti ìyàwó, ó sì jẹ́ kí ẹní náà wà lásán. Ẹní tí a tẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ lé, ni gbólóhùn tí ó wúwo jù nínú ìran yẹn. Nítorí pé ìyàwó dúró tí ìyá jókòó, orí ẹni tí ó kéré ga ju orí ẹni tí ó dàgbà lọ lójú àwòrán. Ọkọ wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn wọn, etí férémù gé e sí méjì, ìdajì rẹ̀ nínú ilé, ìdajì níta. Kò sí ẹni tí ó ní láti sọ fún wa pé ọkùnrin náà kò tíì mọ ẹ̀yìn ẹni tí òun yóò wà.

Túndé Kèlání, tí ó kọ́ṣẹ́ sinimá ní London, tí ó sì ti ń di kámẹ́rà mú fún àwọn ẹlòmíràn kí ó tó máa darí fíìmù tirẹ̀, gbé odidi eré kan ka irú òfo bẹ́ẹ̀. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, májẹ̀mú kan so ọba ìlú Jogbo pọ̀ mọ́ adé àti ìlù, gbẹ́rẹ́ sì ni èdìdì rẹ̀. Lápité kọ gbẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tí ojú ń retí lára ọba ni a ń rí lára rẹ̀, àfi ohun kan ṣoṣo, abẹ́ adé sì ni ó yẹ kí ohun náà wà. Bí adé náà ṣe ń dán tó lójú àwòrán ni ẹ̀rù ń bà wá tó. Nígbà tí Lágàta, ológun, wá dé adé tí ìlù sì dún, òfo náà ni ó pa á. Mo ti ka àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ lórí fíìmù yìí tí wọ́n to gbogbo òwe inú rẹ̀ jọ bí ẹni to iṣu, tí wọn kò sì wo orí ọba lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan a máa sọ pé àrokò ni baba irú ìsọ̀rọ̀ yìí. Mi ò fara mọ́ ọn tán. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ pé ọkàn òun fà sí ẹnì kan mọ ẹni tí ó ń ránṣẹ́ sí, ó sì mọ̀ pé onítọ̀hún gbọ́ Yorùbá, nítorí inú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀fà, ni fífà wà. Olùdarí fíìmù kò mọ ẹni tí yóò ra àwo. Adabraka lè rà á.

Adabraka sì ní gírámà tirẹ̀. A wo Heritage Africa ti Kwaw Ansah, tí ó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní FESPACO ní Ouagadougou ní ọdún 1989. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ jù níbẹ̀. Ara ohun tí a rí ni Akan wà. Kwesi Atta Bosomefi ti sọ ara rẹ̀ di Quincy Arthur Bosomfield. Ìyá rẹ̀ gbé ohun ìní àjogúnbá ìdílé lé e lọ́wọ́, òun sì gbé e fún ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú yàrá wa, ọmọbìnrin yẹn ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Bákan náà, bí aṣọ pupa àti dúdú bá ti yọ, àwọn ọmọ náà ti mọ̀ pé ẹnì kan kú.

Ìgbà mìíràn wà tí ohun kan náà pín ilé sí mẹ́ta. Nínú fíìmù Nàìjíríà kan, wọ́n gbé báàgì Ghana-must-go kalẹ̀ sórí tábìlì olóṣèlú. Lójú tèmi, owó rìbá ni. Ìtumọ̀ tí ó ti lẹ̀ mọ́ báàgì yẹn ní ilé wa nìyẹn. Aládùúgbò wa tí ó jẹ́ ọmọ Ghana mi orí, ó ní ọdún 1983 ni òun rí, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn ènìyàn òun jáde ní Nàìjíríà. Ìyá àgbà wo àwa méjèèjì. Ó ní, "Ẹrù tiwa kò ní orúkọ." A kò sọ nǹkan kan mọ́ títí fíìmù náà fi parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọbìnrin náà bi ìyá àgbà bóyá inú máa ń bí wọn tí òun bá kí wọn ní ìdúró. Ìyá ní rárá, wọn kò lè bínú sí i, nítorí pé kò mọ̀. Mo rí i lójú ọmọ náà pé kò fẹ́ràn èsì yẹn rárá. Ẹni tí a kò bínú sí nítorí àìkúnlẹ̀ ni ẹni tí a kò kà mọ́ àwọn tí wọ́n ń sọ èdè náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè tí ẹ ń fi fíìmù kọ́ni, ohun tí mo máa ń ṣe rèé. N óò pa ohùn rẹ̀, n óò dá àwòrán dúró sójú kan, n óò sì kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: kí ni ó yẹ kí ó wà níhìn-ín tí kò sí? Ogún ìṣẹ́jú lè lọ lórí àwòrán kan ṣoṣo. Ní báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò tíì dáyé nígbà tí Ṣaworoidẹ jáde a máa bá mi jiyàn pé ìyàwó tí ó dúró kí ìyá ọkọ kò ṣe nǹkan kan, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé wọn ní Èkó. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, bí ìkúnlẹ̀ bá sì tán nílẹ̀, àìkúnlẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, èsì méjì ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ, ọ̀kan ti ọdún tí wọ́n ya fíìmù, ọ̀kan ti ọdún tí à ń wò ó, máàkì kan náà ni mo sì ń fún méjèèjì.