Lẹ́tà sí Àjọkẹ́: Níbo Ni Àrùn Ti Ń Wá?

Marine Beach,
Àpápá, Èkó.
Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Bàbá rẹ pè mí lálẹ́ àná. Ó ní láti ọjọ́ tí yunifásítì ti fún ọ ní Microbiology dípò Medicine, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ mọ́, pé o ní wàá tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. N kò ní bá ọ jà. Ó dùn kí wọ́n máa kí èèyàn ní "Dókítà" lóde ìnáwó, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó kọ̀ ọ́, gbọ́ tẹnu wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi wọ kakí kiri Ajégúnlẹ̀, tí mò ń ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè ní Boundary, àwọn ìyá á ti máa da omi nù. Wọ́n rò pé owó ìtanràn ni mò ń wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń gbé wọlé kiri: níbo ni àrùn ti ń wá? Ìbéèrè yẹn náà ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún ọ yìí.

Láti ibi tí mo jókòó sí, mò ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ẹrù nìkan kọ́ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé. Eku máa ń bá a rìn. Ní 1924, àrùn tí òyìnbó ń pè ní bubonic plague bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ibà líle á gbé èèyàn dè, kókó á yọ sí i lábíyá tàbí lábẹ́ itan, kí ọ̀sẹ̀ sì tó yí po, wọ́n lè ti máa gbẹ́ ilẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ títí di nǹkan bí 1930.

Oògùn tí a fi ń wò ó lónìí kò tíì sí nígbà náà. Ohun tó wà lọ́wọ́ ni ìmọ̀ ibi tó ti ń wá. Ní 1894, Alexandre Yersin ti rí kòkòrò àrùn náà ní Hong Kong. Ní 1898, Paul-Louis Simond rí i ní Karachi pé kòkòrò tíńtín kan tó ń fò, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku, ló ń gbé e dé ara èèyàn. Bí eku bá kú, tí ara rẹ̀ tutù, kòkòrò náà á wá ara gbígbóná mìíràn lọ. Nítorí náà, nígbà tí àrùn dé Èkó, eku ni wọ́n dojú kọ.

Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, tó kàwé ní Glasgow, ló tún ètò àyẹ̀wò ìmọ́tótó tò ní èbúté Èkó kí àrùn náà má baà ràn sí i. Òun ló wá di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ètò ìlera ìlú Èkó, òun náà ló sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wolé-wolé. Dókítà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gọ́tà àti ilé ìkẹ́rùsí ni pápá ogun rẹ̀.

N kò ní fi apá kan ìtàn náà pa mọ́ fún ọ o. Ní 1928, ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ nítorí àrùn yìí. Wọ́n wó ilé àwọn mẹ̀kúnnù ní erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó èèyàn lọ sí Yábàá. Ìdáhùn wà lọ́wọ́ wọn: eku, ilé híhá, ìdọ̀tí. Ohun tó mú kí ilé há ni ìbéèrè tó kù nílẹ̀. Àwa ará Ajégúnlẹ̀ mọ̀ ọ́n lára: bí àrùn bá ti bẹ́, àwa ni wọ́n kọ́kọ́ ń nàka sí. Ẹni tó bá ń wá ilé àrùn kiri, kó má ṣe sọ onílé di àrùn.

Ní Yábàá kan náà ni àwọn Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà gbé ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú kalẹ̀ sí ní 1925. Gbajúmọ̀ onímọ̀ ará Japan kan, Hideyo Noguchi, ti kéde pé òun rí kòkòrò tó ń fà á. Àwọn tó wà ní Yábàá wá a títí lára aláìsàn, wọn ò rí i. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ Ghana òde òní, wọ́n fi sára ọ̀bọ, àìsàn náà mú ọ̀bọ. Adrian Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi hàn pé ohun tó ń fà á kéré débi pé asẹ́ tó ń dá bakitéríà dúró kò lè dá a dúró. Fáírọ́ọ̀sì ni. Stokes kó o lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Noguchi wá sí Accra láti gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibà kan náà pa á ní oṣù Karùn-ún 1928. Asibi ní tirẹ̀ yè. Láti ara fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn ni káàdì yẹ́lò tí àǹtí rẹ kì í gbàgbé bó bá ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú ń jẹ́rìí sí.

Èyí tí mo fojú ara mi rí ni onígbáméjì. Ìparí 1970 ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn kan lágbàlá wa ní atẹ́gùn búburú ló ń fẹ́. Ìyá mi kàn wò ó pé kànga kan náà ni gbogbo àwọn tó ń ṣubú ti ń pọnmi. Ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mu omi nílé wa láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ hó lórí iná. Ìyá mi ò mọ̀wé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yìí, onígbáméjì tún dé Èkó.

Nítorí náà, bí o bá gba Microbiology, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ dè ọ́. Onílé wa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tuntun, kò jìnnà sí ṣáláńgá. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Mo ti fi ojú wolé-wolé wò ó títí, n kò rí tanwíjí kan ṣoṣo. Ibi tí ojú tèmi mọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀ nílé, bá mi mú ìgò tó mọ́ bọ̀ láti láàbù yín, ká bu díẹ̀ sí i. Sísè la ṣì ń sè é ná.

Bá mi kí bàbá àti màmá rẹ. Sì jẹun o.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Bàbá Marine Beach.