Kí ló wà nínú ẹ̀?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó díẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo kọ sórí ìwé fi ọ̀rá wé odindi ilé kan l'Ékòó. Ó gùn díẹ̀ o 🧵

1/ Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ni mò ń kọ́. Apá kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbé sórí Instagram: yíyan ohun tí wọ́n máa fi kọ́lé. Búlọ́ọ̀kù wo, páànù wo, símẹ́ńtì wo. A máa ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, agbaṣẹ́ṣe á wá gbé ìwé yẹn lọ sọ́jà.

2/ Ọ̀gá mi gbé ilé alájà mẹ́rin kan fún mi. Ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ayálégbé lókè. Alhaja tó ni ín fẹ́ kí gbogbo ara ilé náà máa dán bíi ti báǹkì. Ẹ mọ pátákó aluminium yẹn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní alucoboard. Mo kọ ọ́: "Alucoboard, 4mm, àwọ̀ eérú, tàbí irú ẹ̀." Ó parí. Mo lọ jẹun.

3/ Nígbà tí mo dé, ọ̀gá mi na ìka sí ìlà yẹn. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"
Mo ní, "Aluminium ni, sà."
Wọ́n ní, "Mi ò bi ẹ́ ní ojú ẹ̀. Inú ẹ̀ ni mo ní."
Mo dákẹ́. Mi ò mọ̀.

4/ Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Nínú 4mm yẹn, aluminium sábà máa ń jẹ́ 0.5mm péré níwájú, 0.5mm lẹ́yìn. 3mm tó kù láàárín ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú èyí tó rọjú lówó, polyethylene ni. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ń ra nǹkan lọ́jà. Ṣé ẹ ti sun ọ̀rá rí? Ó máa ń yọ́, á máa kán sílẹ̀ tòun tiná.

Irú kejì, FR, wọ́n po èròjà tí kì í jóná mọ́ ọn kó má baà tètè gbiná. Irú kẹta, A2, díẹ̀ báyìí ni ohun tó lè jóná nínú ẹ̀. Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ògiri, ojú kan náà ni wọ́n ní.

5/ Ẹ rántí Grenfell Tower ní London? Ilé alájà 24. Lóru ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, 2017, fíríìjì kan gbiná ní kíṣìnnì kan ní àjà kẹrin. Iná gba fèrèsé jáde, ó mú pátákó ara ògiri, ó sì gun òkè lọ. Èèyàn 72 ló kú. Polyethylene ló wà nínú pátákó yẹn.

Èyí tó dùn mí jù: zinc ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kí owó iṣẹ́ lè fi nǹkan bíi £293,000 dín kù.

6/ Mo wá ro ilé Alhaja. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo. Irin olè lójú gbogbo fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri. Bí iná bá sọ lóru, ibo ni ìyá ọlọ́mọ tó wà ní àjà kẹta máa gbà?

7/ Mo lọ sọ́jà. Bọ̀dá tó ń tà á ní, "Àbúrò, iná ò lè mú eléyìí láéláé." Mo béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé àwọ̀ 😭

Mo tọrọ ègé kékeré kan, mo gbé e délé, mo tan láítà sí etí ẹ̀ níta. Kò pẹ́ tó fi ń kán sílẹ̀, iná sì ń jó lára ẹ̀.

(Ẹ má fi láítà ṣe àyẹ̀wò tiyín o. Pé kò gbiná lọ́wọ́ yín ò ní kó má gbiná lára ògiri. Ìwé àyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ gbà.)

8/ "Tàbí irú ẹ̀." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà nìyẹn. Tí agbaṣẹ́ṣe bá ra ọlọ́rá, kò jẹ̀bi. Ó ń dán, 4mm ni, àwọ̀ eérú ni. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Símẹ́ńtì náà ńkọ́? Láti 2014 ni SON ti ní 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, pé 42.5 ni kí wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù àti òpó. Tó o bá kàn kọ "símẹ́ńtì", èwo lo fẹ́ kí wọ́n rà? Ohun tó ò bá kọ, ọjà á bá ẹ yàn án.

9/ Mo tún un kọ: A2 ni, kí ìwé àyẹ̀wò EN 13501-1 bá a wá, kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ ẹ̀ láìbi wá.

Alhaja rí iye ẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí n ta ilẹ̀ ni?" Mo gbé ègé tó jóná yẹn lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi obìnrin ló máa gbé àjà kejì."

A fi símẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ara ilé, a kùn ún ní ọ̀dà. Iná kì í jó símẹ́ńtì. Orí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nìkan la fi A2 sí. Kò dán bíi ti báǹkì. Alhaja ṣì ń rán mi létí títí dòní.

10/ Àwọn àgbà ní ojú là rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Pátákó náà nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba ilé tó ń dán, ẹ kan ògiri yẹn, kẹ́ ẹ béèrè: kí ló wà nínú ẹ̀?

Tí ẹni tó ń tà á ò bá mọ̀, tí ẹni tó yàwòrán ẹ̀ náà ò mọ̀, ẹ má tíì sanwó. Èmi náà ò mọ̀ nígbà kan.