Ajé àti Àjẹ́: Ọmọdébìnrin, Fíìmù àti Ẹ̀rí Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò mọ òwe mìíràn tí ó ti na àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní ìyà tó eléyìí. Ẹ wo bí a ṣe tò ó. Ẹyẹ kan ké ní òru, kò sí ẹni tí ó rí i. Ọmọ kan kú ní òwúrọ̀, kò sí ẹni tí ó bi ibà léèrè. Ẹjọ́ ti parí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí ẹ bá sì fi ara balẹ̀ wo ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù tí a fi dàgbà, òwe yìí gan-an ni wọ́n fi hun ìtàn wọn.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí Boundary. Wọ́ọ̀fù Àpápá ni bàbá mi ti ń ru ẹrù. Ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò wa kò fara sin: ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó kún Ajégúnlẹ̀, Ìjọ̀, Ìgbò, Ùròbò, Ìlàjẹ, àti àwọn mìíràn tí ó pọ̀. Bí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa bá fẹ́ dárúkọ àdúgbò náà, a máa dà bí ẹni pé àjẹ́ ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀, àwa ọmọdé a sì rẹ́rìn-ín títí. Àmì ohùn kan lókè àti ẹsẹ̀ kékeré kan nísàlẹ̀ ni ó wà láàárín ọrọ̀ àti ohun tí a ń bẹ̀rù jù lọ. N kò tíì rí onífíìmù kan tí ó fi èyí ṣeré, ó sì yà mí lẹ́nu.

Fídíò ni síníma wa nígbà náà. Láti ìgbà tí Living in Bondage ti jáde ní 1992 ni kásẹ́ẹ̀tì ti gba ìgboro kan. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ ní òpópónà wa, ojú fèrèsé rẹ̀ ni gbogbo ọmọdé ń sùn sí. Ibẹ̀ ni a ti wo Kòtò Ayé ti Yẹkinni Àjílẹ́yẹ, tí ẹ̀rù bà wá débi pé a kò lè dá lọ tọ̀ lóru. Ṣùgbọ́n nínú irú fíìmù Yorùbá bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà ni àjẹ́ tí a mọ̀. Ìyá ọkọ ni, tàbí orogún, tàbí ìyá arúgbó tí ó ń dá gbé ní ẹ̀yìn ìlú. Ọmọdé ni wọ́n ń pa jẹ.

Ní 1999 ni End of the Wicked jáde, èyí tí Helen Ukpabio kọ, tí Teco Benson sì darí. Nínú tirẹ̀, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń fà wọ inú ẹgbẹ́ òru, tí wọ́n sì ń rán sí àwọn òbí wọn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí lé ọmọ jáde nílé ní Akwa Ibom nítorí ẹ̀sùn àjẹ́, ọ̀pọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọdé nílé àti lókè òkun tọ́ka sí fíìmù yìí. Obìnrin náà kọ ẹ̀sùn wọn. N kò ní bá wọn dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ọmọdébìnrin kan wà nínú ọgbà wa tí wọ́n mú wá láti ìlú rẹ̀ láti máa bá ìdílé kan gbé. Mo ju ú lọ ní nǹkan bí ọdún kan. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó ń fọ aṣọ, ó ń pọn omi, ó ń ta omi tútù ní ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Oyún bàjẹ́ lára ìyàwó ilé náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ìjọ kan. Wòlíì ní kó má jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó jẹ́wọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, níbi ìṣọ́ òru, ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo wa.

Ó ní wọ́n máa ń fò lọ sínú igbó dúdú kan. Ó ní ìkòkò ńlá kan wà níbẹ̀, àti olórí kan tí ó jókòó lórí àga gíga, àti pé òun ni òun gbé ọmọ inú oyún lọ fún wọn. Àwọn àgbà ń kígbe, wọ́n ń na ọwọ́ sókè. Èmi dúró, ojú mi là sílẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí ọmọ yìí ń sọ. Ojú fèrèsé kan náà ni èmi àti òun ti wo fíìmù rẹ̀. Bí ó ṣe tò wá nínú kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń tò ó fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Igbó dúdú, ní òpópónà wa, níbi tí kò sí igi kan ṣoṣo tí ewúrẹ́ lè sá sábẹ́ rẹ̀!

Ebi ń pa á. Wọ́n béèrè ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún wọn ní ìtàn kan ṣoṣo tí ó mọ̀. Àwọn tí ó gbọ́ ọ náà ti wo fíìmù yẹn, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe bá ohun tí wọ́n ti rí mu, ẹ̀rí ni ó di lójú wọn. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n lè ní èmi náà wà nínú ẹgbẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n mú ọmọ náà lọ sí gáréèjì, wọ́n fi í lé awakọ̀ lọ́wọ́. Àwọn ìwé iléèwé rẹ̀ ni wọ́n tà fún alákàrà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fíìmù ni ó dá irú nǹkan yìí sílẹ̀. Ní 1950, nígbà tí kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, àwọn Àtíńgà gba Dahomey wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń jó, wọ́n ń tọ́ka sí àwọn ìyá àgbà pé àjẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá sẹ́, wọ́n á fi adìẹ dán an wò. Bí adìẹ náà bá ṣe ṣubú kú ni wọn yóò fi dá a lẹ́bi tàbí dá a láre. Ọ̀pọ̀ ìyá jẹ́wọ́. Ọdún 1951 ni ìjọba fi òfin dè wọ́n.

Síbẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn baba ńlá wa gbà bá agbára yìí lò. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ń jó fún àwọn ìyá wa. Wọ́n ń fi aṣọ, ilù àti ẹ̀fẹ̀ tù wọ́n nínú, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ó lè bàjẹ́ lè tún ṣe. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ ní ohun ìní gbogbo ayé. Kí ló dé tí àwọn onífíìmù wa fi gbé ìkòkò ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀?

Ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní ọdún yìí. Ó fẹ́ràn àwọn fíìmù òkèèrè tí ọmọbìnrin kan ti ń ṣàwárí pé òun ní agbára àjẹ́, irú bíi The Craft ti 1996, tí ó ti dàgbà jù ú lọ fíìfíì. Mo jókòó tì í wò ó. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé nínú fíìmù tiwọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó ń dojú kọ ọmọ náà ni pé, kí ni o fẹ́ fi agbára yìí ṣe? Nínú tiwa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ta ni o ti pa jẹ? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó rọrùn fún wọn láti ṣeré bẹ́ẹ̀. Bí fíìmù wọn bá parí, kò sí aládùúgbò tí yóò mú ọmọ wọn lọ fi ebi pa. Ẹni tí ó bá ṣe irú rẹ̀ níbí kò ní ààbò yẹn.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú. Nínú I Am Not a Witch tí Rungano Nyoni, ọmọ Zambia tí ó dàgbà ní Wales, gbé jáde ní 2017, wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ọmọdébìnrin kan tí ó ń jẹ́ Shula. Wọ́n so ó mọ́ ọ̀já funfun gígùn kan, wọ́n ní bí ó bá já a, ewúrẹ́ ni yóò dà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wò ó, lẹ́yìn náà ni n kò lè sùn. Níhìn-ín, C.J. Obasi ṣe Suffer the Witch, ìkẹta nínú àwọn ìtàn tí ó wà nínú Juju Stories ti 2021. Ọ̀rẹ́ méjì ní yunifásítì ni. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí fura pé àjẹ́ ni èkejì. Ìfẹ́ àti owú ni ó gbà wọlé, mo sì yìn ín fún ìyẹn.

Lọ́dún tí mo ń sọ yẹn, abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2007. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ òfin kankan ní alẹ́ ìṣọ́ òru yẹn.

Bí onífíìmù kan bá ń ka èyí, Ajégúnlẹ̀ ni kó gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá. Kó jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan máa ta omi láàárín àwọn tánkà tí ó tò sí ojú ọ̀nà Àpápá, kó sì jí ní ọjọ́ kan kó rí i pé òun mọ ohun tí ó wà nínú kọ̀nténà kí wọ́n tó ṣí i. Kó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀, kí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi í pawó, kí wòlíì gbọ́. Ṣé àjẹ́ ni àbí ajé, kó má tètè sọ fún wa. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́: kó má fi igbó sí i. Kò sí igbó ní òpópónà wa.