Má Kẹ̀yìn sí Omi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ewì mẹ́ta ni mo ti kọ sínú ìwé wa yìí nípa odò Àlà, odò tó ṣàn gba inú Àkúrẹ́ kọjá kó tó lọ bá Ògbèsè. Mo pè é ní ìyá, mo pè é ní olólùfẹ́, mo tiẹ̀ pè é ní dígí ọ̀run. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Irọ́ ni o! Ilé wa ò jìnnà sí Àlà, ṣùgbọ́n n ò fi ẹsẹ̀ kan omi rẹ̀ rí. Dígí ọ̀run wo? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti pàǹtírí ni mo máa ń rí láti orí afárá, ìyẹn náà ní ìwòfìrí, torí pé Màmá mi kì í jẹ́ ká dúró. Láti kékeré, tí a bá ti dé orí afárá yẹn, wọn á di ọwọ́ wa mú gbọin-gbọin, wọn á ní, “Ẹ má kẹ̀yìn sí omi o.” A rò pé èèwọ̀ ìdílé ni. A ò bèèrè.

Ní sáà tó kọjá, wọ́n kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá láti Oǹdó lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lọ mọ bí bọ́ọ̀sì yẹn ṣe rí, n ò ní sọ̀rọ̀ nípa ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí a dé Òkè-Igbó, olùkọ́ wa ní kí dẹ́rẹ́bà rọra, pé ìlú tí wọ́n ti bí Fágúnwà ní 1903 la wà yìí. A hó yèè. Ẹnì kan wá bèèrè lẹ́yìn ọkọ̀ pé irú ikú wo ló pa bàbá náà. Olùkọ́ ní omi ni. Odò Kàdúná, nítòsí Bídà, oṣù Kejìlá ọdún 1963. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹnì kan tó ní ká ṣí mọ́ínmọ́ín.

Ìgbà tí a parí ohun tó gbé wa lọ ni wọ́n tó mú wa lọ sí Ọgbà Àgòdì. Ẹ wò ó, èmi ọmọ Àkúrẹ́, ohun tí mo mọ̀ sí ìgbafẹ́ ni kí a lọ gun òkè Ìdànrè, ká ka àtẹ̀gùn tó lé ní 600, kí orúnkún máa sunkún. Ti Àgòdì ò gba wàhálà kankan. Igi ńláńlá, ìbòòji, ẹranko díẹ̀ nínú ọgbà tiwọn, àwọn ọmọdé tó ń yọ̀ wàrà bọ́ sínú omi níbi ìlúwẹ̀ẹ́. Àti adágún. Omi rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó tẹ́ lọ rẹgẹdẹ, kò sì rọ́ pàǹtírí lọ́dọ̀ tiwa. A tẹ́ aṣọ sẹ́bàá rẹ̀, a jẹun, a pariwo. Ara mi balẹ̀ débi pé ó yà mí lẹ́nu.

Wọ́n wá ní ká ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé fọ́tò adágún ò lè dùn àfi kí èèyàn kẹ̀yìn sí i. “Akéwì, bọ́ sáàárín!” Mo bọ́ sáàárín. Mo kẹ̀yìn sí omi, mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Màmá mi lórí WhatsApp.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n pè.

“Níbo nìyẹn?”

“Adágún Àgòdì ni, mà. Ní Ìbàdàn.”

“Odò wo ni?”

Mo bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń mú wa yí ọgbà ká. Ó ní odò Ògùnpa ni, pé wọ́n dí i ló fi di adágún. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Wọn ò fọhùn. Mo rò pé owó ti tán lórí fóònù wọn. Wọ́n wá ní, “Wá sílé ní Sátidé.”

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ní Oǹdó, a gba Ọ̀wẹnà kọjá, mo dé Àkúrẹ́ ní ọ̀sán. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Mo mọ̀ pé ìgbà kan wà tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. N ò mọ ìdí tí wọ́n fi kó kúrò níbẹ̀. Wọn ò gbójú sókè bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

“Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, 1980. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Òjò yẹn ò dá. Nígbà tí omi dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, bàbá gbé mi kọ́rùn, ìyá wa di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú. A ti ń gòkè lọ kí ó tó rántí bàtà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Bata dúdú fún un ni, wọ́n fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ó já ọwọ́ gbà, ó sáré padà. Ó rí bàtà náà o. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na bàtà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ó kẹ̀yìn sí omi.”

Wọ́n bó ẹ̀gúsí bíi mélòó kan sí i.

“Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó rí i. Kí ọdún yẹn tó parí, bàbá kó wa wá sí Àkúrẹ́.”

Èmi ti kà nípa omíyalé Ògùnpa rí, pé ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, pé ó ba ọgbà Àgòdì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 jẹ́. Bí ìtàn ìlú ẹlòmíràn ni mo ṣe kà á. N ò mọ̀ pé mo ní bùrọ̀dá nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wá rántí pé Màmá ò ra bàtà fún wa rí kí ilé-ìwé tó wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí a bá ti wọlé ni. Gbogbo ọdún la máa ń fi bàtà àlòkù wọlé, a sì máa ń pe Màmá ní ahun lẹ́yìn.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní n ó pa fọ́tò náà rẹ́.

“Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀?”

“Wọ́n pọ̀, mà.”

“Wọ́n ń ṣeré?”

“Wọ́n ń ṣeré.”

Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró wọn. “Má pa á rẹ́,” ni wọ́n wí. “Tún un fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti pa tèmi rẹ́ lọ́jọ́ yẹn.”