Omi Dì ní Houston: Ẹ̀kọ́ Tí A Mú Bọ̀ Wá sí Ọ̀tan-Ilé



Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, a lọ kí àwọn ènìyàn wa ní Ọ̀tan-Ilé, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Obòkun, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ètè ń bó, ẹsẹ̀ ń sán, eruku sì bo ewé kòkó mọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin gbé ìgò àdín sínú oòrùn kí ó lè yọ́, nítorí ó ti dì gbagidi. Ó wò wá bí a ti ń gbọ̀n, ó ní, “Pásítọ̀, ṣé òtútù òkè òkun tún ju báyìí lọ ni?”

Ìbéèrè yìí ni ó mú wa sọ ìtàn tí a ti ń tijú láti sọ.

Ní ìparí ọdún 2020, àwa àti ìyàwó wa lọ sí ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, láti bá ọmọ wa obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun. Ní ọjọ́ Àìkú, 14 February 2021, ọmọ wa ṣí ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná díẹ̀, omi sì ń kán tó, tó, tó. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ẹ̀rọ yìí o. Òtútù ń bọ̀.”

Ṣùgbọ́n Ọ̀tan-Ilé ni a ti dàgbà. Odò ni a ti ń pọn omi kí a tó lọ sí ilé ìwé, ẹni tí ó bá sì da omi nù lójú ọ̀nà, yóò padà lọ pọn òmíràn. Báwo ni irú wa yóò ṣe sùn nígbà tí omi ń ṣòfò? Ní òru, a dìde, a ti ẹ̀rọ náà pa. A rò pé a ṣe rere.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, iná mànàmáná lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òtútù náà dé ìwọ̀n 13 ti Fahrenheit, èyí tí ó fi nǹkan bí ìwọ̀n 11 ti Celsius rẹlẹ̀ sí òdo. A fi ọmọ sí àárín, a da gbogbo aṣọ ilé bò ó. A ṣí ẹ̀rọ, kò sí omi. Nígbà tí ojú ọjọ́ yá díẹ̀, a gbọ́ ariwo bí òjò lókè àjà. Àjà ya, omi dà sórí ibùsùn ọmọ náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, apá ìyá rẹ̀ ni ó wà!

A jẹ́wọ́ fún ọmọ wa pé, “Àwa ni a ti ẹ̀rọ yẹn.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Dádì, ọmọ ṣáà wà láàyè.”

Ẹni tí ó wá tún páìpù náà ṣe là wá lọ́yẹ̀. Bí àdín bá dì, ńṣe ni ó máa ń sún kì, ìdí nìyẹn tí kì í fi fọ́ ìgò. Ṣùgbọ́n omi tí ó bá dì a máa wú: 100 lítà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di 109. Bí yìnyín bá dí páìpù, tí ẹnu ẹ̀rọ sì wà ní títì, omi tí ó há sáàárín kò rí ibi lọ, yóò sì fa páìpù ya. Bí omi bá ń kán, ó rí ọ̀nà àbáyọ. Ní Houston, òtútù líle kò wọ́pọ̀, nítorí náà òkè àjà ni páìpù ilé púpọ̀ ń gbà kọjá láìsí ohun tí ó bò ó.

Kì í ṣe ilé tiwa nìkan. Ní Texas, iná lọ ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí ó lé ní 4.5 mílíọ̀nù, ìjọba sì ka òkú 246. Láti 17 títí di 21 February, wọ́n ní kí ará Houston máa se omi kí wọ́n tó mu ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, London tàbí Canada, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn:

1. Kí gbogbo ará ilé mọ ibi tí a ti ń pa omi tí ń wọ ilé.
2. Kí wọ́n fi fóòmù tàbí aṣọ wé páìpù tí ó wà ní ìta àti ní òkè àjà kí òtútù tó dé.
3. Ní òru òtútù, kí ẹ̀rọ máa kán, kí ilẹ̀kùn abẹ́ ibi ìfọwọ́ sì wà ní ṣíṣí kí ooru lè wọlé. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ní kí a má jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kán, bí wọ́n ti ṣe ní Houston nígbà tí omi ìlú kò lágbára mọ́, kí wọ́n pa omi láti orísun, kí wọ́n sì fa èyí tí ó kù nínú páìpù jáde.
4. Bí páìpù bá ti dì, kí wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ, kí wọ́n fi aṣọ gbígbóná yọ́ ọ láti ìhà ẹnu ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn. Kí wọ́n má ṣe fi iná sun ún.
5. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá iná èédú tàbí tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé. Èéfín rẹ̀ pa ènìyàn ní Texas, ó sì ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ tiwa.

Àwọn àgbà ní, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Námánì, ọ̀gágun ńlá, ìbá bá ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ padà sí ilé bí kò bá gbọ́ ti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ (2 Ọba 5). Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a máa gbọ́ ti àwọn ọmọ wa níbi tí wọ́n ti mọ̀ jù wá lọ. A ti ń wàásù fún ọdún púpọ̀, síbẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ kan ni ó kọ́ wa ní èyí.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, àdín ti yọ́. Ẹ̀gbọ́n wa bu díẹ̀ fún wa kí a fi pa ẹsẹ̀. Ó ní, “Pásítọ̀, bí ẹ bá tún lọ, ẹ jẹ́ kí omi olómi máa kán.”

Olúwa yóò pa ilé gbogbo wa mọ́, nílé àti lẹ́yìn odi. Àmín.